Fèrèsé Ìyá Ìlérí

Birmingham,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàrákàt ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Mukhtar ọmọ mi ńkọ́? Ààrò ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín pé mo kí ààrò kí n tó kí ẹbí tó kù, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ilé búrẹ́dì yẹn ló bọ́ gbogbo yín?

Àlàáfíà ni èmi àti Nusrat àbúrò rẹ wà. Àbdùlgàfár ọmọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í jẹ́ ká sùn. Òun ni mo wá tọ́jú, òtútù ìlú yìí sì ń tọ́jú èmi náà lọ́nà tirẹ̀.

Mo wo ìbúra yín lórí fóònù Nusrat. Nígbà tí wọ́n pe Ọ́nọ́rébù Bàrákàt Sànyà, igbe tí mo ké, Nusrat rò pé ọmọ ló já bọ́. Ọmọ tí mo máa ń fi pàṣán lé jáde nínú gọ́tà, ìjọba ti kó gbogbo gọ́tà wọ́ọ̀dù wa lé e lọ́wọ́! Nígbà tí o gba iṣẹ́ wolé-wolé, ṣé o rántí bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe ń yínmú pé ọmọ tó kàwé ń yọjú wo ṣáláńgá onílé kiri? Àwọn náà ló ń pè mí ní Ìyá Kánsẹ́lọ̀ báyìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́, “Mọ́mì, mo wà ní mítíǹgì” ni. Ìwé kì í bá ẹni nínú mítíǹgì. Èmi tí mo ṣe tíṣà kí n tó fẹ́ bàbá yín, kíkọ kò lè sú mi. Nusrat á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ.

Má jẹ́ kí Mukhtar gbàgbé sàráà Jímọ̀ o. Láti ayé bàbá yín, búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ Jímọ̀, ti àdúgbò ni. Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o, kí gbogbo ojúlé tó yí wa ká gba tiwọn. Ní ti Ìyá Ìlérí, aránṣọ ẹ̀yìn ilé wa, kí ẹ máa fún un ní méjì. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ rẹ̀, olè sì ti dà á láàmú débi pé ó kan fèrèsé rẹ̀ tó kọjú sí wa pa. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ níbí náà. Òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń jẹ́ Jẹ́nẹ́ẹ̀tì, mo máa ń gbé àkàrà fún un láàárọ̀ Sátidé. Bó ṣe ń jẹ ẹ́, o máa rò pé Agége ni wọ́n bí i sí.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, bá mi fi irú ránṣẹ́. Ìwọ̀nba ló kù.

Èmi ìyá rẹ,
Sùlíyá


Òkè-Kòtò, Agége,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, 2025

Mọ́mì mi,

Wàálékùn sàláámù. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Nusrat, mo kí ọkọ mi Àbdùlgàfár tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Ẹ má bínú pé mi ò kì í gbé fóònù. Mítíǹgì yẹn pọ̀ lóòótọ́, òmíràn sì wà nínú rẹ̀ tí a kì í ṣe nǹkan kan ju ká jẹ mííìtì páì lọ.

Wọ́n ti fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Ìgbìmọ̀ ọjà àti ti ọ̀nà ni àwọn yòókù ń du, kò sẹ́ni tó bá mi du tèmi. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì, wọ́n fún mi ní fáànù kan tó jẹ́ pé bí àlejò bá ti wọlé báyìí ló máa dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo láyọ̀, Mọ́mì. Ohun tí mo ti ń fẹ́ ṣe láti ìgbà tí mo ti jẹ́ wolé-wolé ni mo láǹfààní láti ṣe báyìí.

Ẹ mọ bí àdúgbò wa ṣe ń rí láàárọ̀. Gbogbo Èkó ń jẹ búrẹ́dì Agége, àwa sì ń jẹ èéfín rẹ̀. Nígbà yẹn, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìròyìn mi, ọ̀gá mi á tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ní báyìí mo ti gbé e kalẹ̀ bí òfin: ilé búrẹ́dì tó bá ń fi igi dáná láàárín ibi tí èèyàn ń gbé, kó yí sí gáàsì, tàbí kó kó lọ síbi tí kò ti ní í fín ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ bá mi ṣàdúà sí i. Kò ní í rọrùn.

Mukhtar ní kí n kí yín. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Allen ti ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wa, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ti sáré lọ ra fóònù tuntun ní Computer Village. Ẹ̀gbọ́n Tóyọ̀sí ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, á kó irú yín dání.

Ọmọ yín,
Bàrákàt


Birmingham,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 2025

Bàrákàt ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Irú ti dé, ilé sì ti ń rùn bí ilé. Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ.

Òfin tí o sọ yẹn dára gan-an ni! Ẹ bá mi mú Ṣẹ́gunfúnmi ọlọ́búrẹ́dì òpópónà kejì yẹn. Àjákù pákó tí wọ́n ti kun ọ̀dà sí lára ni ọkùnrin yẹn ń fi dáná, bí èéfín rẹ̀ bá ti ń rú báyìí, dúdú ni í rí. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ó tó àkókò kí ìjọba bá a sọ̀rọ̀.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Igi gidi ni a ń lò, bàbá yín kò gba ohun mìíràn láyé rẹ̀. Ìwọ náà sì mọ ìtàn iná yẹn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ dá a sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Orílé Agége, ẹyin iná ló bù fún un nínú ààrò tirẹ̀, nínú ìkòkò irin, ó ní kó lọ fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni bàbá yín fi rìn wálé kí iná náà má baà kú lọ́nà. Láti ọjọ́ náà, kò kú rí. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá yín gan-an, Mukhtar ti itẹ́ dé, igi ló kọ́kọ́ lọ kì sí i kó tó jókòó ti àwọn tó wá kí wa. Gbogbo ọdún yìí, kò sẹ́nì kan tó wá sọ rí pé èéfín wa dí òun lọ́wọ́. Bí o bá rò pé mò ń purọ́, lọ béèrè kárí àdúgbò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ní kí n fi èédú yan ẹja lẹ́yìn ilé. Ẹja kò tíì gbóná tán tí Jẹ́nẹ́ẹ̀tì fi yọrí lókè fẹ́ǹsì. Ó ní, “Sùlíyá, jọ̀ọ́, mo sá aṣọ o.” Sùlíyá gàdàgbà bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé a jọ ṣeré òṣùpá! Ẹni tó jẹ àkàrà mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Àwọn àgbà ní ẹnu jẹ, ojú tì. Tirẹ̀ jẹ, ojú kò tì í rárá. Nusrat ń rẹ́rìn-ín, èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Mo pa iná mi, mo wọlé. Àkàrà ti tán láàárín àwa méjèèjì.

Èmi ìyá rẹ,
Sùlíyá


Òkè-Kòtò, Agége,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2025

Mọ́mì mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń fà á ya.

Ẹ ní kí n lọ béèrè kárí àdúgbò. Mo lọ. Ilé Ìyá Ìlérí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló sún mọ́ wa jù. Ó nu àga fún mi, ó ní, “Ọ́nọ́rébù, kò sí wàhálà kankan o. Àwa àti yín, ọ̀kan náà ni.” Òógùn sì bò ó. Ọ̀sán gangan ni, fáànù ń fẹ́ ooru sí wa lára, fèrèsé kan ṣoṣo tó yẹ kí atẹ́gùn gbà wọlé sì ni ó fi pákó kàn pa. Mo ní kí ló dé tí kò ṣí i lọ́sàn-án, ṣé olè máa ń wá lọ́sàn-án náà ni?

Ó wò mí. Ó ní, “Olè wo? Kí ni olè fẹ́ gbé nínú aṣọ oníbàárà?” Ó wá fa léèsì funfun kan yọ láti abẹ́ ẹ̀rọ, aṣọ ìyàwó. Ó ní òun gbàgbé lọ́jọ́ kan, òun yọ pákó náà díẹ̀ kí ooru má pa Ìlérí níbi tó ti ń kàwé. Èéfín wa ti kun ẹ̀yìn aṣọ náà ní dúdú, kò sì lọ mọ́. Òun ló ra òmíràn fún ìyàwó náà.

Mo ní, “Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

Ó ní, “Ṣé kí n jẹ búrẹ́dì yín ní Jímọ̀, kí n wá fẹjọ́ yín sùn ní Mọ́ńdè? Ah-ah! Alhaja ṣe wá lóore. Ẹnu jẹ, ojú tì.”

Mọ́mì, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí Jẹ́nẹ́ẹ̀tì gan-an ló sọ. Mo dé àwọn ilé yòókù. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣẹ́gunfúnmi tú àṣírí rẹ̀ fún mi tẹnutẹnu. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣàdúà fún mi.

Ó yẹ kí n ti là á mọ́lẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́: òfin náà mú tiwa pẹ̀lú. Mo rò pé ẹ mọ̀. Olúfúnṣọ́, kánsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ mi, ti wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní ká fi kún un pé òfin kò kan ilé búrẹ́dì tó bá ti pẹ́ ju ogún ọdún lọ. Ó ní, “Ààrò bàbá yín nìkan ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Ọ́nọ́rébù, ẹ jẹ́ ká bá yín ṣe é.” Ó ti bá àwọn tó pọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi nìkan ló kù tó ń dúró dè.

Ààrò yẹn ló rán mi níwèé, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ tiwa sílẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ṣẹ́gunfúnmi? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gọ́tà mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láṣẹ. Mi ò fẹ́ ṣe é láìjẹ́ pé ẹ gbà.

Ọmọ yín,
Bàrákàt


Birmingham,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kọkànlá, 2025

Bàrákàt,

Mo rí ìwé rẹ.

Mi ò bímọ kó wá pa iná bàbá rẹ̀. Olúfúnṣọ́ tí kò bá wa tan mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ìwọ tí a bí nínú ilé kò mọ̀ ọ́n. Ní ti Ìyá Ìlérí, ó ṣé o. Kí Mukhtar má fún un ní búrẹ́dì mọ́, kí ó má baà há a lọ́fun.

Mi ò fún ọ láṣẹ. Bí o bá ti dàgbà tó ẹni tí kì í gbàṣẹ, má kọ̀wé sí mi mọ́.

Sùlíyá


Òkè-Kòtò, Agége,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kìíní, 2026

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ ní kí n má kọ̀wé mọ́, mo sì tún kọ ọ́. Èyí tí mo kọ nínú oṣù Kejìlá, ẹ ò dáhùn. Nígbàkúgbà tí mo bá pè, Nusrat á ní ẹ wà lórí ìrun. Ìrun yẹn ti gùn o, Mọ́mì.

Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òfin náà ti kọjá, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, Olúfúnṣọ́ bojú wò mí, ó rọra bi mí pé ṣé mo ti rò ó dáadáa. Mo ní mo ti rò ó. Títí dé òpin oṣù Kẹta ni a fún gbogbo ọlọ́búrẹ́dì, kí ààwẹ̀ àti ìtúnu lè kọjá lórí wọn.

Panápaná ni àwọn ọlọ́búrẹ́dì ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á máa ṣe ohùn ọkọ̀ panápaná. Ẹni kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa ti sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ ra fọ́ọ̀mù nígbà tí ìbò bá tún dé. Mo lè fara da ìyẹn. Mukhtar ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe. Inú ilé kan náà ni a jọ wà, kò bá mi sọ̀rọ̀ láti inú oṣù Kejìlá. Bí mo bá kí i, ògiri ló máa ń wò.

Ó tẹ̀lé àṣẹ yín, kò fún Ìyá Ìlérí ní búrẹ́dì mọ́. Obìnrin náà kò béèrè ìdí. Ó ṣì ń yọjú láàárọ̀ Jímọ̀, ó ń kí wa, ó ń wọlé padà. Èmi ni mò ń mú tèmi fún un. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu nípa ìyẹn náà, ẹ foríjì mí. Ẹ bá mi jà, ẹ má bá a jà. Kò fẹjọ́ wa sùn. Èmi ni mo fi ìbéèrè fà á jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó ń dùn mí, Mọ́mì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń dúró níwájú ààrò kí n tó wọlé, bí ẹni pé Bàbá máa yọ síta wá bá mi wí. Ì bá sàn bí wọ́n bá wá.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Bàrákàt


Birmingham,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì, 2026

Bàrákàt ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ìbínú wọ inú rẹ̀. Ìrun tí o ní ó gùn yẹn, mo ti kí i tán.

Yìnyín bọ́ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí n da pàǹtí nù, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo na gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. Nusrat ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ń sunkún nínú ilé. Ta ló wá gbé mi? Jẹ́nẹ́ẹ̀tì tí mi ò kí mọ́ láti ọjọ́ ẹja. Ó sáré jáde tòun ti sálúbàtà ilé, ó gbé mi wọlé, ó gbé ọmọ pọ̀n sí àyà, ó po tíì fún mi. Egungun kankan kò ṣẹ́, má wulẹ̀ pe Nusrat.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, ó bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ẹja ló jẹ́ kí n máa bínú sí òun. Mi ò lè purọ́, tíì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu yà á. Ó ní nítorí pé a jẹ́ ọ̀rẹ́ lòun ṣe sọ fún mi. Bí a kò bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ni, káńsù lòun ìbá pè.

Bàrákàt, mo mu tíì náà tán. Ẹni tó sọ tinú rẹ̀ fún mi lójú kojú, òun ni mo bá yan odì. Ẹni tó jókòó sínú ooru kí ojú má baà tì í lọ́dọ̀ mi, òun ni mò ń ṣàánú pé olè ń dà láàmú. Bẹ́ẹ̀, ilé wa ni olè náà ti ń wá. Bàbá yín kò dá sàráà yẹn sílẹ̀ láti fi dí èèyàn lẹ́nu, èmi náà kò sì fi ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ó dí wọn lẹ́nu.

Ṣe ohun tí òfin rẹ wí. Kí Mukhtar ta ọkọ̀ kejì tí ẹ fi ń gbé búrẹ́dì, kó fi ra ààrò gáàsì; mo ti pè é, mo ti bá a wí, yóò dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ káńsù kankan fọwọ́ kan iná yẹn. Ìwọ ni kí o pa á. Kí o tó pa á, bu ẹyin iná sínú ìkòkò irin bàbá rẹ, kí Mukhtar fi tan tuntun náà. Iná kò kú nìyẹn. Oúnjẹ rẹ̀ ló yí padà.

Ẹ dá búrẹ́dì Ìyá Ìlérí padà, méjì bíi tàtijọ́. Má rojọ́ fún un. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó sọ ọ́.

Inú ṣì ń bí mi díẹ̀. Fi mí sílẹ̀ kí ó máa bí mi, yóò lọ. Mo ti dín àkàrà fún Jẹ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ àná.

Èmi ìyá rẹ,
Sùlíyá


Òkè-Kòtò, Agége,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, 2026

Mọ́mì mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Nígbà tí mo ka ìwé yín, ẹkún ni mo sun, lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì mi, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Fáànù pàápàá yí.

A ti ṣe é. Mukhtar fúnra rẹ̀ ló bu ẹyin iná sínú ìkòkò Bàbá. Ó wá yẹra, ó gbé korobá omi lé mi lọ́wọ́. Mo da díẹ̀, iná ń hó ṣàà, eérú ń bo ojú wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dìídì fi ẹnu ara rẹ̀ bá mi sọ láti inú oṣù Kejìlá, ó ní, “Dà á dáadáa jọ̀ọ́. Bó o bá máa pa á, pa á tán.” Mo dà á tán. Àwa méjèèjì kò lè wo ara wa lójú.

Ó mú ẹyin iná kan, ó fi tan ti gáàsì. Ó sì ti kọ́kọ́ ṣí gáàsì náà jù, iná sọ bùlà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó irùngbọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Mi ò ní í tàn yín o: adùn rẹ̀ kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì Allen ti dín ohun tí wọ́n ń gbà kù. Mukhtar ní òun máa mọ̀ ọ́n ṣe bó bá yá, mo sì gbà á gbọ́. Ṣẹ́gunfúnmi ti kó tirẹ̀ lọ sí ìtòsí ojú irin. Ó ṣì ń pè mí ní Panápaná, ṣùgbọ́n ó ti ń kí mi kó tó pè mí bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí a lo ààrò tuntun, èmi fúnra mi ni mo gbé búrẹ́dì lọ fún Ìyá Ìlérí. Mo bá a lórí àpótí, ó fi òòlù ń yọ ìṣó, Ìlérí di pákó mú fún un nísàlẹ̀. Fèrèsé náà ti ṣí. Mi ò rojọ́, òun náà kò rojọ́. Ó gba búrẹ́dì méjèèjì, ó ṣàdúà fún yín gígùn, ó bu ọ̀kan jẹ níbẹ̀ lójú mi.

Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà wa tí mo fi gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo pè mí láti ẹ̀yìn. Mo yíjú padà. Ìyá Ìlérí ti yọ orí àti èjìká méjèèjì síta lójú fèrèsé.

Ó ní, “Kánsẹ́lọ̀! Gọ́tà iwájú ilé yín ti dí o! Ẹ wá nǹkan ṣe sí i, ẹ̀fọn ò jẹ́ ká sùn!”

Mọ́mì, búrẹ́dì wa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ yín,
Bàrákàt